Etí 1948, Etí 1955: Orin Haruna Ìṣọ̀lá fún Ọba Adébóyè

Ní ọdún 1948, Haruna Ìṣọ̀lá, akọrin àpàlà tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ His Master's Voice. Ọba Adébóyè, Orímolúsì ìlú náà, ni orin ọ̀hún dá lé. Àwo náà kò tà. Ní 1955, ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú gba ẹ̀mí ọba; Ìṣọ̀lá tún orin náà kọ sínú àwo, lọ́tẹ̀ yìí okìkí rẹ̀ sì kàn. Ìtàn ọjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ju ọjà lọ: níbo ni ìtumọ̀ orin ń gbé?

Tolstoy, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, gbà pé ìmọ̀lára tí oníṣẹ́ ọnà ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń kó ran ẹlòmíràn. Èrò yìí kò ká ọ̀rọ̀ àwo yìí. Ní 1948 ọba wà láàyè, akọrin kò sì ní ọ̀fọ̀ kankan tí yóò kó ran ẹnikẹ́ni. Ní 1955 ó ní i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra àwo náà ní Òjòwò kò dúró de akọrin kí ó tó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òun. Ọ̀fọ̀ ti wà nílé kí àwo tó wọlé. Ẹnu ni orin fún un.

Oríkì ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Ohun tí a fi ń ki alààyè ni a fi ń ki òkú. Gbólóhùn rẹ̀ kì í yí padà nítorí pé ẹni tí a ń kì ti lọ. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 lórí oríkì ní Òkukù, fi hàn bí oríkì ṣe ń mú ẹni àná wá sí àárín àwọn ti òní. Ní 1948, ẹni tí ó lè jẹ́ ìpè ni à ń pè. Ní 1955, ìpè kan náà ni; ẹni tí yóò jẹ́ ẹ ni kò sí mọ́.

Àṣà tún dá sí ọ̀rọ̀ náà. A kì í sọ pé ọba kú, a ní ó wàjà, ààfin ni ó sì máa ń pinnu ìgbà tí ìlú yóò gbọ́. Ikú inú ọkọ̀ òfuurufú kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ti ṣáájú ààfin, kí ni ó kù fún ará ìlú láti fi ṣọ̀fọ̀ láìfi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ? Orin.

Àwọn kan lè fi ìrèmọ̀jé ọdẹ tako èyí: níbẹ̀, ojú kojú ni àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ wà, akọrin pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nígbà tí àwo kàn ń dún fún ẹni tí ó bá lówó rẹ̀. Ìdajì òótọ́ ni (ijó sì ni àpàlà, àlejò tí kò mọ ọba rí lè jó o). Ṣùgbọ́n Òjòwò, Òkè-Ṣópin, Òkè-Àgbò, Atíkòrí àti Jàpárà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, kò lè jókòó yí òkú kan ká bí ẹgbẹ́ ọdẹ. Àwo kan náà lè dún nínú márààrún.

Kì í ṣe ikú nìkan ni ó tà á, dájúdájú. Ìṣọ̀lá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣeré káàkiri kí 1955 tó dé. Ohun kan wà síbẹ̀ tí ìrìnkèrindò eré kò lè ṣàlàyé. Nínú àkọsílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nípa iṣẹ́ rẹ̀, àwo 1948 gan-an ni wọ́n ń pè ní "Late Oba Adeboye", bí ẹni pé ọba ti di olóògbé ní ọdún méje ṣáájú ikú rẹ̀. A lè pè é ní àṣìṣe akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń gbọ́ orin náà títí di òní: kò sí ẹni tí ó tún lè fi etí 1948 gbọ́ ọ.