Olóyè Nanga àti Ọ̀rọ̀ Ìwé-Ẹ̀rí Nínú A Man of the People

Ó rọrùn láti mú Olóyè Nanga, ẹ̀dá-ìtàn tí Chinua Achebe gbé kalẹ̀ nínú A Man of the People ní ọdún 1966, gẹ́gẹ́ bí baba-ńlá gbogbo àwọn tí ń fi ayédèrú ìwé-ẹ̀rí wá iṣẹ́ àti ipò ní Nàìjíríà. Olùkọ́ tí ó bá fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò ṣi ìwé náà kà. Nínú gbogbo ìwà jẹgúdújẹrá tí Achebe dì lé Nanga lórí, irọ́ nípa ìwé tí ó kà kò sí níbẹ̀.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Nanga kí ó tó di olóṣèlú. Òun ni ó kọ́ Odili, asọ̀tàn, ní kíláàsì kẹta. M àti A ni lẹ́tà tí ó ṣáájú orúkọ rẹ̀, wọ́n a sì máa fi dá àpárá pé oyè M.A. ni, àǹfààní láti lọ gbà á ni kò sí. Àpárá náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó jẹ́wọ́ àìní ní gbangba, ó sì tún fi hàn pé ojú ń wá oyè. Nígbà tí ó di mínísítà àṣà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan ní Amẹ́ríkà, tí òkìkí rẹ̀ kò kàn níbì kan, ṣèlérí láti fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Inú Nanga ń dùn ṣáá sí bí oyè náà yóò ti máa dún nígbà tí wọ́n bá tò ó mọ́ Olóyè àti Ọlọ́lá. Kò jí i, kò sì sọ pé òun jókòó kàwé kí òun tó gbà á.

Ibi tí ọgbọ́n ìkọ̀wé Achebe ti jinlẹ̀ ni bí ó ti fi èyí kọjú sí ìtàn Makinde. Kí Nanga tó di mínísítà, ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí nínú ilé aṣòfin. Owó kọfí wó lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ọ̀mọ̀wé Makinde, mínísítà ètò ìnáwó, tí ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣúná, dá a lábàá pé kí ìjọba dín iye tí ó ń san fún àwọn àgbẹ̀ kù. Ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, olórí ìjọba kò gbà. Ó ní kí wọ́n tẹ owó tuntun, ó sì lé Makinde. Ní ọjọ́ tí ilé ń fi Makinde àti àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín bí ọ̀dàlẹ̀, Nanga wà lára àwọn tí ariwo wọn pọ̀ jù. Ọkùnrin tí ó pariwo lé ọ̀mọ̀wé tòótọ́ lórí ni ó wá ń retí ọjọ́ tí wọn yóò máa pe òun náà bẹ́ẹ̀. Achebe kò dúró ṣàlàyé. Ó fi í sílẹ̀ kí òǹkàwé so ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Oyè wu Nanga. Ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó wà nídìí oyè ni kò fẹ́ fojú rí.

Ìyapa yìí ni ó mú kí ìwé náà wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 1999 wò. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Salisu Buhari di abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ó ti sọ pé òun gboyè ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, ó sì ti fi kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé ìròyìn The News tú àṣírí náà, yunifásítì náà sì ní kò kàwé lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti abẹnugan yìí kò tó oṣù méjì lórí àga. Ní oṣù keje ni ó fipò sílẹ̀, tí ó tọrọ àforíjì, tí ó ní ìtara láti sin orílẹ̀-èdè ni ó ṣi òun lọ́nà. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó san owó ìtanràn. Ní ọdún 2000 Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dárí jì í.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, bí ó ti wà nígbà náà, béèrè pé kí ẹni tí yóò wọ ilé náà pé ọmọ 30 ọdún. A lè rí ìdí irọ́ ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí girama tàbí irú rẹ̀ ni òfin náà fẹ́, kò béèrè yunifásítì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Toronto kò ṣí ilẹ̀kùn kankan tí ó wà ní títì. Kí wá ni ó wá débẹ̀? Nanga mọ èsì rẹ̀: bí oyè ti ń dún létí. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Nanga dúró kí wọ́n fún un, ẹnìkejì bu tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àléébù kan wà nínú ìwé Achebe. Odili, tí ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ mọ́ kedere, ni adájọ́ gbogbo wọn, síbẹ̀ ó gba ilé Nanga lọ nígbà tí ó ń wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀bùn náà ni Nanga padà fi ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú 250 pọ́n-ùn, kí ó lè jáwọ́ nínú ìdíje ìbò. Odili kọ̀ ọ́, ó sì yẹ kí a kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí akọ̀wé kan tí ó ṣí fáìlì, kò sí agbanisíṣẹ́ kan tí ó kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ láti béèrè. Achebe fi àwọn tí ń wá oyè ṣẹ̀fẹ̀, ó dá àwọn tí kì í yẹ oyè wò sí.

Àwọn wọ̀nyí ni ìròyìn Daily Nigerian ti oṣù kejìlá ọdún 2023 sọ sí gbangba. Akọ̀ròyìn rẹ̀ kan gboyè ní yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó sì fi oyè náà di agùnbánirọ̀ láìsí ẹni tí ó dá a dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí tí ó bá ti Benin àti Tógò wá dúró. Ọ̀dọ́ tí ó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kàwé ní Kútọnu tàbí Lomé, tí ó kọ òtítọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀, wá bá ara rẹ̀ nínú àpò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ra tirẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó jọ ọ́ ṣọ̀wọ́n nínú ìwé Achebe. Makinde ni ó súnmọ́ ọn jù, ojú ewé díẹ̀ sì ni Makinde ní kí ìtàn tó gbàgbé rẹ̀.