Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lábẹ́ Ìjọba: Adébáyọ̀ Fálétí nínú Ewì, Ìtàn Àròsọ àti Amóhùnmáwòrán

Ó ti di àṣà láàárín àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá láti pín Adébáyọ̀ Fálétí sí mẹ́ta. Akéwì ni nígbà tí wọ́n bá ń yẹ àkójọ ewì tí Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣe olótùú rẹ̀ ní 1982 wò. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Bí ó bá sì di ti amóhùnmáwòrán àti sinimá, ìpínrọ̀ kan péré ní ìparí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi gbé e, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lásán ni. Ìpín yìí rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ni ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ó ń bo ìbéèrè tó le jù lórí iṣẹ́ Fálétí mọ́lẹ̀. Báwo ni ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba owó oṣù ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ṣe wá jẹ́ ẹni tí àwọn aláṣẹ aninilára gba ọkàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn. Fálétí wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó ń tọ́jú fíìmù, ó sì ń gé wọn, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tó yá, òun ni ó di ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí WNTV bẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá a sílẹ̀ fi fọ́ sí méjì. Rògbòdìyàn ìdìbò 1965 tẹ̀lé e, àwọn ológun sì gba ìjọba ní 1966. Ẹni tó bá la irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba mọ̀ pé ẹyin lohùn.

Ní 1969 ni Ọmọ Olókùn Ẹṣin jáde. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kà á gẹ́gẹ́ bí àkàwé ìjà òmìnira: Olúmokò dúró fún òyìnbó amúnisìn, àwọn ará Òkè-Ògùn sì dúró fún Nàìjíríà. Kíkà bẹ́ẹ̀ ní ìdí, ṣùgbọ́n ó yá jù. Òmìnira ti pé ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́. Olúmokò kò ti òkè òkun wá. Èdè tí àwọn tó ń sìn ín ń sọ ni òun náà ń sọ. Àkọlé ìwé náà gan-an tọ́ka sí ohun tó ká Fálétí lára. Olókùn ẹṣin kì í ṣe ẹni tí wọ́n mú lójú ogun. Iṣẹ́ tó ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ni dídi okùn ẹṣin ọba mú, títí ìsìnrú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di oyè. Ohun tí Àjàyí kọ̀ nìyẹn. Ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n fi agbára mú un nìkan. Bí kò ṣe pé àwọn tó bí i ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí.

Àhunpọ̀ ìtàn náà yẹ fún àfiyèsí ju bí àwọn lámèyítọ́ ti fún un lọ. Àjàyí nìkan kọ́ ló ń sọ̀tàn. Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí náà gba ọ̀rọ̀ sọ, olúkúlùkù sì ń ròyìn ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Ìṣẹ̀lẹ̀ gé níhìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún lójú ẹlòmíràn. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ pé yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù ni Fálétí ti kọ́ ọgbọ́n yìí, nítorí àwọn àgbà asọ̀tàn ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe kí amóhùnmáwòrán tó dé. Síbẹ̀, àǹfààní rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba hàn kedere: ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé kò sọ nǹkan kan. Àléébù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a má fi pamọ́. Èdè àwọn olùsọ̀tàn náà jọra jù. Òwe kan náà ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n pa.

Eré oníṣe Baṣọ̀run Gáà (1972) gba ọ̀nà mìíràn. Gáà, tó ń fi ọba jẹ tó sì ń rọ ọba lóyè, ń lo agbára tí òfin Ọ̀yọ́ fún Ọ̀yọ́ Mèsì láti kápá ọba. Lójú àwọn tó wo eré náà lábẹ́ ìjọba ológun, kò sí ìdí láti máa ṣe àlàyé. Ṣùgbọ́n ojútùú tí eré náà gbà kò jìnnà tó ti ìtàn àròsọ náà. Nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ará oko ni ó dìde. Nínú Baṣọ̀run Gáà, Abíọ́dún ni ó ṣẹ́gun, ìlú sì padà sábẹ́ ọba rere. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Fálétí, ó sì jọ pé kò lè fi ọkàn rẹ̀ kúrò lára ààfin.

Nínú àwọn ewì onítàn rẹ̀, bí Adébímpé Ọ̀jẹ̀dòkun, ìtàn ni Fálétí máa ń fi sọ ohun tí akéwì mìíràn yóò fi èébú sọ. Ìdí nìyí tí ó fi bá a mu pé òun ni ó ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ (1999), fíìmù Túndé Kèlání. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe Fálétí, ó sì yẹ kí èyí wà lọ́kàn òǹwòran. Ṣùgbọ́n àgbà tó mọ àṣírí adé, tó ń fi òwe àti àrọ̀ bá ọba tó kọ̀ láti múlẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ààfin rẹ̀, ipò tí Fálétí ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Thunderbolt: Magun (2001), tí Kèlání gbé ka ìtàn tí Fálétí kọ, ni iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń yọ kúrò nínú àkójọ yìí, bóyá nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun púpọ̀ sọnù nínú èdè lóòótọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ náà ni. Ọkọ tó ń fura fi magun sí ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ígbò, lára láìjẹ́ kó mọ̀; kò bi í léèrè, kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó sì ti dá a lẹ́bi ikú. Gáà ló wọ inú iyàrá yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Abíọ́dún kankan tí yóò gba obìnrin náà sílẹ̀ láti orí ìtẹ́.