Àdàpè Orúkọ
Àwọn àgbà ní àdàpè olè ni ‘ọmọ mi ń fẹ́wọ́’. Irú àdàpè bẹ́ẹ̀ ni mo ka “two sure” sí, orúkọ tí àwọn atatẹ́tẹ́ lótò ń pe nọ́ńbà méjì tí wọ́n bá mú. Nọ́ńbà 5 ni a ń fà nínú 90. Ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ìgbà ni méjèèjì lè jọ jáde, ìlọ́po 240 ni a sì ń san. Bí àgbẹ̀ Ùṣò bá ń fi náírà 100 ta á lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, nǹkan bí 40 nínú rẹ̀ á di ti onílé tẹ́tẹ́. Alájọ tí ń gba owó ọjọ́ kan lóṣù kò gbà tó 4, ó sì ń dá ìyókù padà. Kíkéré owó náà ni kì í jẹ́ kí a fura. Ìdánilójú tí ó wà níbẹ̀, ti onílé ni.