Àwọ̀ Ojú Òṣèré: Ta Ló Jẹ́rìí Rẹ̀?

Iṣẹ́ akéwì àti iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni a sábà máa ń yẹ̀ wò lójú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ àwọn tí kò kọ ìwé rárá ni a fẹ́ gbé ka orí ìwọ̀n: àwọn tí wọ́n ra ìwé tí ẹlòmíràn kọ, tí wọ́n tú u, tí wọ́n fi àwòrán kún un, tí wọ́n sì tún un dì. Ní pàtàkì, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwòrán àwọn òṣèré orí ìtàgé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ọ̀dà olómi yà, tí a sì kó sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéwú kò ní rí i bí nǹkan àjèjì pé ìwé lè máa dàgbà lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Onímọ̀ kan kọ ìwé kékeré, òmíràn kọ ṣarihu lé e, ẹlòmíràn kọ haṣiya yí ṣarihu náà ká, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún fi tàdáwà kọ ìtumọ̀ Yorùbá tín-ín-rín sáàárín ìlà. Nígbà mìíràn, etí ìwé máa ń kún ju àárín lọ. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe jọ èyí, ṣùgbọ́n àwòrán ni wọ́n fi kún tiwọn.

James Granger, àlùfáà ìjọ Kristẹni ní abúlé Shiplake, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àṣà náà. Ní ọdún 1769, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbésí-ayé àwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ka àwọn àwòrán tí a ti tẹ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́sẹẹsẹ. Àwòrán náà gan-an kò sí nínú ìwé. Àfi bí ẹni pé ó fún àwọn olówó níṣẹ́ ṣe: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwòrán wọ̀nyí kiri, kí wọ́n lè fi wọ́n sí àyè wọn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn a tú okùn ìwé. Bí àwòrán bá kéré, wọn a gé ojú fèrèsé sáàárín bébà ńlá kan, fèrèsé náà a kéré díẹ̀ sí àwòrán, wọn a wá lẹ etí àwòrán mọ́ ọn, kí a lè rí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé ìwé náà gan-an ni wọ́n sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ìwé kan ṣoṣo a wá di ìdìpọ̀ mẹ́wàá. Bíbélì kan wà ní ilé ìkàwé Huntington ní California tí a ń pè ní Bíbélì Kitto: ìdìpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, àwòrán inú rẹ̀ sì lé ní 30,000.

Níbo ni 30,000 àwòrán ti wá? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí a lè yin irú iṣẹ́ yìí tán. Wọ́n ra púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àwòrán, ṣùgbọ́n púpọ̀ pẹ̀lú ni a fi ọ̀bẹ gé jáde nínú ìwé mìíràn. Ní 1862, John Hill Burton fi àwọn aláṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ gidigidi nínú ìwé tó kọ nípa àwọn ọdẹ ìwé, kò sì ṣe àṣejù lójú tiwa. Ìfẹ́ àwòrán títẹ̀ máa ń sọ ọmọlúwàbí di olè. Robert Dighton, tó jẹ́ ayàwòrán òṣèré, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń kọrin lórí ìtàgé, ni àṣírí rẹ̀ tú ní 1806 pé ó ti ń jí àwòrán títẹ̀ kó ní British Museum. Wọ́n lé William Beloe, ẹni tí àwòrán náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ ṣí ìwé tó ní àwòrán ní ilé ìkàwé ìtòsí yín, kí ẹ wo iye ewé tí wọ́n ti fi bíléèdì gé lọ.

Àwòrán ọ̀dà olómi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí. Bébà lásán ni, àti ọ̀dà tí a fi omi pò, àti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. A kò fa ìwé kankan ya kí a tó rí i. Ẹyọ kan ni, kò sí èkejì rẹ̀ níbòmíràn, ìdí sì nìyí tí àwa fi kà á sí ohun tó dára jù nínú ìwé wọ̀nyí.

Ìdí tí ìwé tíátà fi gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Òǹkọ̀wé a kú, ìwé rẹ̀ a kù. Bí òṣèré bá kú ní ayé ìgbà tí fọ́tò àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò tíì sí, kí ló kù? David Garrick tí Lọ́ńdọ̀nù ń rọ́ lọ wò láti 1741 fi ìtàgé sílẹ̀ ní 1776, ó kú ní 1779, ohùn rẹ̀ sì bá a lọ. Thomas Davies kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ jáde ní 1780; James Boaden kọ ti Kemble ní 1825, ó kọ ti Sarah Siddons ní 1827; John Doran kọ ìtàn àwọn òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1864. Àwọn olólùfẹ́ tíátà ra ìwé wọ̀nyí, wọ́n sì fẹ́ rí ojú ẹni tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀. Wọ́n kó ìwé ìpolówó eré, lẹ́tà tí òṣèré fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àwòrán títẹ̀ àti àwòrán ọ̀dà olómi sínú wọn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kan Mùsùlùmí kan àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ohun tí a lè fi ìpínrọ̀ kan parí. Hadíìsì wà lórí rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì yapa lórí ìtumọ̀ wọn. Lójú ọ̀nà Imam Malik tí àwa ń tọ̀, wọ́n ya ère tó ní òjìji sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán pẹlẹbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé makuruhu ni ọ̀pọ̀ ka ìkejì yìí sí. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé òṣèré kọ́ sára ògiri. Ohun tó wà nílẹ̀ ni à ń yẹ̀ wò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní Baghdad, ní 1237, al-Wasiti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Maqamat al-Hariri, ìwé tí àwọn tó jinlẹ̀ nínú Lárúbáwá lọ́dọ̀ wa mọ̀ dáadáa, ó sì ya àwòrán sí i. Paris ni ìwé náà wà lónìí. Ṣùgbọ́n èèyàn inú àròsọ ni Abu Zayd tó yà síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè bi al-Wasiti pé níbo ló ti rí i. Garrick ní tirẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ẹni tó bá yà á ń jẹ́rìí, a sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò.

Níbi yìí ni ẹ̀kọ́ tiwa ti wúlò. Bí wọ́n bá ka hadíìsì sí wa létí, a máa ń béèrè isinaadi rẹ̀: ta ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ni, ṣé wọ́n bá ara wọn láyé? Bí ọ̀rọ̀ bá dùn bí oyin, tí okùn rẹ̀ já, dọífù ni. Ẹ jẹ́ kí a bi àwòrán òṣèré bẹ́ẹ̀.

Samuel De Wilde, tó kú ní 1832, yóò dáhùn láìwo ẹ̀yìn. Agbègbè Covent Garden ló ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí àwọn ilé tíátà ńlá. Òṣèré a wọ aṣọ eré rẹ̀, a wá dúró síwájú rẹ̀ kí ó yà á. Ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Garrick Club ní ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń dúró nínú àwòrán rẹ̀: ìdúró ẹni tó ti rẹ̀ díẹ̀ ni, ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ẹni tí kò rí i kò lè dọ́gbọ́n irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwòrán ọ̀dà olómi inú ìwé wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Garrick lè bẹ ayàwòrán pé kí ó ya Garrick fún òun. Ayàwòrán a wá àwòrán títẹ̀ kan; ẹni tó tẹ ìyẹn wo àwòrán mìíràn; okùn ti gùn. Nígbà mìíràn, àṣírí máa ń tú níbi ọwọ́ òṣèré. Ẹni tó ń fín àwòrán sára bàbà, bí kò bá yí i padà, ọ̀tún a di òsì nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹni tó wá ń dà á kọ a kàn fi idà sí ọwọ́ òsì akọni náà, kò sì ní fura. Èyí tó burú jù ni àwọ̀. Dúdú àti funfun ni àwòrán títẹ̀. Bí ayàwòrán bá wá kun kóòtù òṣèré ní àwọ̀ ewé, níbo ló ti rí àwọ̀ ewé? Ohun tó mú ọ̀dà olómi níye lórí ju àwòrán títẹ̀ lọ, òun gan-an ni adàwòrán-kọ ń fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀.

Ìwé tí àwòrán wà nínú rẹ̀ máa ń ràn wá lọ́wọ́ láti dá ìkíní mọ̀ yàtọ̀ sí ìkejì: ìwé ìpolówó tó kọjú sí i a sọ ọjọ́ eré, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e a sọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bá tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ta ewé rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń lé àwọn ẹlẹ́rìí kúrò nílé ẹjọ́. Inú wa dùn pé Folger Library ní Washington, tó ní púpọ̀ nínú ìwé yìí, ṣe àfihàn wọn ní 2010 gẹ́gẹ́ bí odindi ìwé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọ̀ kóòtù kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí a mú un dé ibi tó ti dun èèyàn. Othello, ọ̀gágun inú eré Shakespeare, Moor ni wọ́n pè é, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn èèyàn ìhà Morocco, ilẹ̀ Mùsùlùmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú eré náà ó ti ṣe ìrìbọmi. Òyìnbó ló máa ń ṣe é, tí yóò kun ojú ní dúdú kirikiri. Ní 1811 Charles Lamb kọ ọ́ pé ọkọ dúdú àti ìyàwó funfun kò ṣòro kà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ń kó òun nírìíra lórí ìtàgé. Ní 1814, Edmund Kean yí dúdú náà padà sí àwọ̀ rúsúrúsú, ọ̀pọ̀ òṣèré sì tẹ̀ lé e. Báwo ló ṣe mọ́lẹ̀ tó? Àwòrán títẹ̀ kò lè sọ ọ́. Ọ̀dà olómi lè sọ ọ́, bí ẹni tó yà á bá jókòó ní tíátà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ adàwòrán-kọ, ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè fara mọ́ lójú Othello ló máa kùn síbẹ̀, àwa yóò sì máa fi í ṣe ìtàn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1833, Kean ṣubú lulẹ̀ lórí ìtàgé Covent Garden níbi tó ti ń ṣe Othello. Kò pé oṣù méjì tó fi kú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ẹni tó gba ipò rẹ̀ níbẹ̀ kò nílò ọ̀dà. Ira Aldridge ni, ọmọ èèyàn dúdú tí a bí ní New York ní 1807. Àwọn ìwé ìròyìn kan bú u bí ẹni ń bú ẹran. Alẹ́ méjì péré ló fi ṣe é. Ìwé kékeré kan jáde nígbà ayé rẹ̀ tó ní ìran ọba Fúlàní ilẹ̀ Senegal ni ó ti ṣẹ̀. Ìbá dùn mọ́ wa! Ẹ̀yin ará Ìlọrin ìbá tiẹ̀ pè é ní ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó wádìí rẹ̀ kò rí ẹ̀rí kan fún un; oníwàásù ìjọ Kristẹni ni wọ́n bá bàbá rẹ̀ ní New York. Bí a bá ní kí ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì mú isinaadi wá, a kò lè yọ tiwa sílẹ̀.

Aldridge kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rìn jìnnà, ó sì dé Russia ní 1858. Níbẹ̀ ni Taras Shevchenko, akéwì àti ayàwòrán ọmọ Ukraine tí a bí sóko ẹrú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn ọdún mẹ́wàá dé, ti lọ wò ó lórí ìtàgé. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ọmọbìnrin ilé kan ló ń túmọ̀ fún wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Aldridge jókòó, Shevchenko sì yà á. Ewé kan ṣoṣo ni, irú èyí tí àwọn aláfikún ìwé ìbá du ara wọn sí. Kò fi ọ̀dà olómi yà á: gègé dúdú àti funfun péré ló lò. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó yà á, a mọ ẹni tó jókòó, ọjọ́ rẹ̀ sì wà lára bébà náà.