Ohùn Ẹ̀rọ àti Ohùn Ènìyàn ní Ilé Ìtàn Oníkan

Ní Oníkan, ní Erékùṣù Èkó, ni Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti John Randle wà. Ààrẹ Muhammadu Buhari ni ó ṣí i ní 2023. Ohùn àti àwòrán bíi ti sinimá ni ilé náà fi ń pìtàn; kò fi ara mọ́ ère tó yadi nínú àpótí dígí nìkan. Èyí bá ìṣe Yorùbá mu, nítorí ère tí a yà kúrò lára ìlù àti oríkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igi lásán.

Ṣùgbọ́n àléébù kan ń bẹ nínú ọ̀nà ìpìtàn yìí. Apohùn a máa wo ojú ẹni tó ń kì. Oríkì ọmọ Olọ́fà kì í ṣe ti ọmọ Oníkòyí. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó wọlé, kò sì lè dáhùn bí a bá bi í léèrè.

Ní Oníkan yìí kan náà ni Dókítà John Randle ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní 1928, nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ̀ láti ṣe é. Ó mọ̀ pé wíwo òmùwẹ̀ kì í sọni di òmùwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtàn rí: ibi tí apohùn alààyè bá ti dúró ti ẹ̀rọ ni olùwòran ti lè di onímọ̀.