Ohùn Ṣaworo Nínú Fóònù

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ Ṣágámù àti Ìkénnẹ́ ń gbà wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù lóde òní. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó 50% lé owó wọn. Ẹni tí kò fẹ́ kí dátà òun tètè tán yóò wo fíìmù ní 144p, tàbí kí ó gba ègé rẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tí a ti fún pọ̀.

Fífún ohùn pọ̀ ní ìlànà tirẹ̀. MP3, tí àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, dá lórí ohun tí etí ènìyàn kò ní tètè fura sí bí ó bá sọnù. Bí àyè bá kéré jù, ìró tín-ín-rín tí ó lọ sókè ni a sábà máa ń kọ́kọ́ gé kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu yóò ṣì yé ni. Dùndún yóò ṣì máa fọhùn. Ṣaworo ńkọ́?

Ẹ wo Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ìlù oníṣaworo inú rẹ̀ kì í ṣe ohun àríyá lásán. Májẹ̀mú ọba àti ará ìlú Jogbo ni. Bí ẹni tí kò ṣe ètùtù bá dé adé, tí a sì lu ìlù náà, ikú ni. Ohun tí ẹ̀rọ kà sí àfikún ni ìlú kà sí òfin.

N kò bá ẹ̀rọ jà. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì bá tí rí fíìmù náà rárá. Ẹni tí ó ti dúró ti onílù rí níbi ìnáwó ní Ṣágámù, etí rẹ̀ yóò sọ àbọ̀ di odindi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni ó ti mọ ṣaworo, kí ni yóò fi dí àlàfo náà? Nítorí náà, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní bí ìtàn bá ti yéni, ó tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣe lámèyítọ́ fíìmù yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gbọ́ ṣaworo lára ìlù. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa ṣọ́ dátà rẹ̀ ná.