Ẹni tí Ó Ru Abiyamọ: Ère Ẹpa àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Bàbá Ọmọ Tuntun

Kò sí bí a ṣe lè ka àwọn àgbà agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún tí a ó fo Àreògún ará Ọ̀sí àti Bámgbóyè ará Odò-Ọwà. Ọ̀sí wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Odò-Ọwà wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, níbi tí Ìlọ́fà ti jẹ́ olú-ìlú. Àreògún kú ní 1954. Fadá Kevin Carroll kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi odidi àfihàn kan yẹ́ Bámgbóyè sí. Ère Ẹpa wà lára ohun tí ó sọ àwọn méjèèjì di olókìkí.

Àwòrán méjì ni a mọ̀ jùlọ lára ère Ẹpa. Èkíní ni jagunjagun lórí ẹṣin, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn yí i ká. Èkejì ni abiyamọ: ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ń bẹ láyà rẹ̀, òmíràn dúró tì í lórúnkún. Àwa lámèyítọ́ ti tú àwòrán méjèèjì palẹ̀: agbára ni ti ọkùnrin, ọmọ ni ti obìnrin, ìlú kò sì lè dúró láìsí méjèèjì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò bi àwọn ère náà: bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́? Nínú gbogbo èyí tí mo ti rí, n kò rí bàbá kan tí ó gbé ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ọkùnrin tí ó fọwọ́ lẹ́rán.

Èdè wa náà kò yàtọ̀ sí ère wa. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń bá obìnrin lẹ́yìn ìbímọ: abísínwín. Kò sí irú rẹ̀ fún ọkùnrin. Ó sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí pé nínú èdè kan náà yìí, ọkùnrin pẹ̀lú ń bímọ. ‘Bàbá tí ó bí mi’ ni a ń wí. Ọkùnrin a sì máa sọ pé ọmọ mẹ́ta ni òun bí. A fún un ní ìbí, a kò fún un ní àárẹ̀ ìbí. Ẹ tún wo ìkíni wa. ‘Ẹ kú ewu ọmọ’ ni a fi ń kí ìyá. A lè fi kí bàbá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí etí rẹ̀ ń gbọ́ jùlọ ní ọjọ́ ìkómọjáde ni ‘ẹ kú ìnáwó’. Ìkíni àkọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn ti inú ewu bọ̀. Èkejì mọ̀ pé ó tọwọ́ bọ àpò.

Bẹ́ẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ń bá bàbá lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe àròsọ. Ní 2010, Paulson àti Bazemore ṣe àkójọ ìwádìí 43 lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ti Áfíríkà, ṣùgbọ́n àbájáde wọn yẹ fún àròjinlẹ̀: nǹkan bí bàbá kan nínú mẹ́wàá ni ó ń ní in, oṣù kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí ni ó sì pọ̀ jù. Ẹ ro àwọn oṣù wọ̀nyí wò. Àlejò ti lọ. Ìyá-ìyàwó tí ó wá wẹ ọmọ ti padà sílé. Gbèsè ìkómọjáde kù nílẹ̀. Ọmọ kò tíì máa sùn mọ́jú. Àmì rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹkún. Ọkùnrin náà lè máa gbaná jẹ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó lè máa pẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí nídìí ọtí. Ó lè gbé ọmọ rẹ̀ kí inú rẹ̀ má sì dùn rárá. Ọkọ burúkú ni àdúgbò yóò pè é. Òmíràn burú lóòótọ́. Òmíràn ń ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn padà sí ère Ẹpa, kí a wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkè ni abiyamọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ìsàlẹ̀ ni orí kan tí ó dà bí ìkòkò wà, tí a gbẹ́ ojú sí níwájú àti lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni ẹni tí ń jó ń ki orí bọ̀. Ọkùnrin ni ẹni náà. Ère náà wúwo púpọ̀, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ rù ú jó, kí ó sì fò gun òkìtì láìṣubú, nítorí pé bí ó bá ṣubú, àmì burúkú ni. Màrìwò bo ara rẹ̀. Igi bo ojú rẹ̀. Bí ó bá ń sunkún níbẹ̀, ta ni yóò rí i?

Nítorí náà mo ṣe àtúnṣe sí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá kò sọnù nínú ère Ẹpa. Òun ni ó wà nísàlẹ̀, tí ó ru ìyá àti ọmọ. Àwa ni a gbé ère náà sínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí a gbàgbé ọrùn tí ó rù ú.

Àwọn kan yóò ní mo ń sọ ohun tí ère kò sọ. Ọlá ìlú ni Àreògún gbẹ́gi fún, kì í ṣe ìbànújẹ́ bàbá. Mo gbà. Àwọn mìíràn yóò bi mí pé kí ni ìnira ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Kò tó o, n kò sì sọ pé ó tó o. Ṣùgbọ́n ìwádìí 2010 kan náà fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ìyá àti ti bàbá a máa rìn pọ̀. Ẹni tí ó bá ní ti ìyá nìkan ni kí a tọ́jú, orí ọrùn tí ń gbọ̀n ni ó gbé ìyá náà lé.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Òwe náà gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ níbi ìkómọjáde. Iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti agbẹ́gilére òde òní ni láti ṣí ìkòkò náà kúrò lójú ẹni tí ń jó. Iṣẹ́ tiwa kò ju ìkíni lọ. Bí a bá dé ilé ọlọ́mọ tuntun ní oṣù kẹrin, nígbà tí àlejò kò wá mọ́, kí a kí ìyá ọmọ tán, kí a yíjú sí bàbá, kí a kí òun náà kú ewu, kí a sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.